Àrọ Tó Sọ Ọkọ̀ Asáré Di Arọ

Òórùn ọ̀dà ló kọ́kọ́ ń kí ènìyàn káàbọ̀ sí Festac nígbà náà, ọ̀dà tuntun tí kò tíì gbẹ tán lára ògiri, tó pò pọ̀ mọ́ òórùn irà tí wọ́n kó iyanrìn dà lé kí wọ́n tó kọ́lé. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, irà á borí ọ̀dà. Bí oòrùn bá ràn fún ọjọ́ méjì, ọ̀dà á borí irà. Ọdún tó tẹ̀ lé ayẹyẹ ńlá tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ àwọn ilé náà ni a kó wọlé, àwa òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí orúkọ wa jáde, a sì ń rìn káàkiri bí ẹni tó wọ bàtà tuntun. Igi kò pọ̀, ojú títì fẹ̀, ó sì tọ́ gbọọrọ. Ìwọ tí o mọ Festac òde òní, tí o mọ ìsọ̀ àti ọkọ̀ tó kún ojú ọ̀nà, o lè má gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ pé a máa ń dúró lẹ́nu klóòsì wa, ọ̀nà kékeré tí ilé wa yí po, tí a ó máa gbọ́ ìró ọkọ̀ kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ àfẹ́níù títí dé òpin rẹ̀. Bóyá títì tó tọ́ yẹn ló kó wa sí wàhálà. Ká ní kòtò wà níbẹ̀ ni, ta ni ìbá máa bá ẹnikẹ́ni sáré?

Ìlú kan náà ni wọ́n ti bí ọkọ mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, àdúgbò kan náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló sì wà láàárín wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dáyé. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀: ẹni tó kọ́kọ́ dé ni ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kò gbà láti ìgbà tí wọ́n ti wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní ṣebí Táyé ló ń kọ́kọ́ jáde, síbẹ̀ Kẹ́yìndé ni ẹ̀gbọ́n, nítorí Kẹ́yìndé ló rán an níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. “Èmi ni mo rán ọ,” bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, “o sì pẹ́ kí o tó jábọ̀.” Mo sọ ọ́ títí ó fi sú mi pé òfin ìbejì nìyẹn, pé ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bí àwọn méjèèjì, nínú ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ní mi ò mọ òfin. Nígbà tó yá, wọ́n kúkú ń fi “Ọ̀gbẹ́ni” pe ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà pe ẹnì kejì ní ẹ̀gbọ́n, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ “ẹ” fún ẹnì kejì.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ yìí ló jẹ́ kí Festac ṣeé gbé fún mi. Klóòsì kan náà la wà, ògiri kan ló pín wa. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìkàwé iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Ìkòyí, mo sì gbọ́dọ̀ tètè kúrò nílé láràárọ̀. Òun jẹ́ olùkọ́ níbi tí kò jìnnà sílé, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọbìnrin mi ọlọ́dún mẹ́rin máa ń wà títí n ó fi dé. A kì í ka ẹni tó se oúnjẹ lónìí. Bí mo bá se ẹ̀wà, abọ́ kan á lọ. Bí abọ́ náà bá ń padà bọ̀, nǹkan á wà nínú rẹ̀, ìbáà ṣe ọsàn méjì péré, torí àwọn ìyá wa ti kọ́ wa pé a kì í dá abọ́ padà lófìfo. Mi ò ní arábìnrin. Òun ni mo fi ṣe arábìnrin. Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi máa ń já bí àwọn ọkọ wa bá ti ń jiyàn ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí mo mọ̀ pé ọjọ́ tí àwọn méjèèjì bá tú ká, ilẹ̀kùn tèmi náà ló máa tì.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí a kó dé ni ìjọba rán wọn lọ kọ́ṣẹ́ sí i fún ọdún kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí Jámánì, ọkọ mi sí Amẹ́ríkà. Àwa ìyàwó ń retí lẹ́tà. Lẹ́tà ń bọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló kún inú rẹ̀. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ti jọ rí àwòrán ọkọ̀ asáré kan nínú ìwé ìròyìn, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní sípọ́ọ̀tì: ilẹ̀kùn méjì, imú gígùn, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bí ẹ̀yìn ahun. Jámánì ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì ń tà á ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Wọ́n ti bá ara wọn ṣe àdéhùn pé olúkúlùkù yóò ra ọ̀kan bọ̀, àwọ̀ kan náà, àwọ̀ ọsàn tó pọ́n dáadáa. Mo kọ̀wé sí ọkọ mi pé níbo ni ọmọ yóò jókòó sí nínú ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì, níbo ni àpò ìrẹsì yóò wà. Ó fèsì pé ọkọ̀ náà yára débi pé àpò ìrẹsì kò ní mọ̀ pé òun ti kúrò lọ́jà. Irú èsì wo nìyẹn?

Ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí èbúté Àpápà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni tiwa dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gan-an! Inú ọkọ mi dùn kọjá ààlà. Ó gbé ọkọ̀ wọ klóòsì, ó tẹ fèrè, ó yọrí síta, ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni, Kẹ́yìndé ti dé o! Ẹ̀gbọ́n rẹ dé!” Láti ọjọ́ náà ni gbogbo klóòsì ti ń pe ọkọ̀ méjèèjì ní Táyé àti Kẹ́yìndé. Lóòótọ́, wọ́n jọra. Ẹni tó bá wò wọ́n fínnífínní ló máa rí i pé irin ìdábùú tó wà níwájú àti lẹ́yìn tiwa tóbi, ó sì wúwo, bí ẹni pé àwọn ará Amẹ́ríkà ti mọ̀ pé a ó fi kọlu nǹkan. Àti pé máìlì ni aago tiwa fi ń ka eré, tí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń ka kìlómítà. Àwọn ará klóòsì ò mọ ìyẹn. Wọ́n á yọjú sínú ọkọ̀ méjèèjì, wọ́n á rí i pé nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lára aago ti Jámánì fi púpọ̀ ju tiwa lọ, wọ́n á mirí. Ọkọ mi á mú gègé, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò máìlì sí kìlómítà fún wọn lórí ìwé. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbé nílé tó kángun á gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, á ní, “Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n tìẹ kéré.”

Ilé epo ni ìyọnu gidi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ibi tí wọ́n ń rọ epo sí lára ọkọ̀ wa kéré. Kì í ṣe pé ó kéré díẹ̀ o. Irin ẹ̀rọ ilé epo kò wọ ibẹ̀ rárá, bí o bá sì ki ìka bọ̀ ọ́, wàá kan ilẹ̀kùn irin pẹlẹbẹ kan tó dènà. A lọ sílé epo mẹ́ta, bákan náà ni. Sọ òótọ́ fún mi: ṣé kò yẹ kí ẹni tó kàwé dúró níbẹ̀ kó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé? Ẹni tó ṣe ọkọ̀ kò lè déédéé ṣe ẹnu tín-ín-rín fún un. Ọkọ mi kò bi ara rẹ̀ ní nǹkan kan. Agboju ló gbà lọ, sí ìsọ̀ obìnrin Mùsùlùmí kan tí a ti ń ra èlò ilé, ó ra àrọ onípáànù, irú èyí tí a fi ń rọ òróró sínú ìgò, ó sì ní kí wọ́n jó ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn nídìí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹni tó ń di àrọ mú. Ọkùnrin ilé epo á máa da epo díẹ̀díẹ̀, èmi á máa di àrọ mú, epo á máa ta sí mi láṣọ. Ọjọ́ ìsinmi kan, a ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ta sára ìró léèsì mi, gbogbo àwọn tó jókòó lẹ́yìn mi ló ń sín títí ìwàásù fi parí.

“Màdáàmù, ẹ rọra o,” ni ọkùnrin ilé epo wí lọ́jọ́ náà, “bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ tuntun nìyẹn. Ẹ fún un nímú, á gbé e mì.” Àwọn tó tò sẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìwọ náà mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń rọ ọmọ: ọmọ á nà gbalaja sórí itan, ọwọ́ kan á di imú rẹ̀, ọwọ́ kejì á kó àgbo sí i lẹ́nu, ọmọ á máa ta ẹsẹ̀, àgbo á máa wọlé tipátipá. Ohun tí à ń ṣe fún ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá nìyẹn, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní gbangba òde. Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ará oko ni gbogbo wọn.

Àárọ̀ Sátidé kan ni wọ́n gbé Táyé àti Kẹ́yìndé bọ́ sí ọ̀nà Badagry tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, láti wo èyí tó yára jù. Wọ́n ní kí àwa ìyàwó wá jẹ́rìí, a sì jókòó, olúkúlùkù nínú ọkọ̀ ọkọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣí báyìí, mo rí ẹ̀yìn ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kéré sí i, tó ń kéré sí i, títí ó fi rí bí ẹyọ ọsàn kan lójú títì. Ọkọ mi fi gbogbo ara tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ọkọ̀ ń ké, kò sì lọ. Nígbà tí a fi máa dé Abúlé Adó, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti ra àgbàdo sísè, ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. “Ọ̀gbẹ́ni,” ó ní, “ṣé ẹni tó rán mi níṣẹ́ ló ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn báyìí?” Ìyàwó rẹ̀ ń fi ìborùn bo ẹnu. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ẹni tí n ó bá padà sílé ni mo wà.

Àwíjàre kò tán lẹ́nu rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní èmi ni mo sanra. Ó ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ṣí kí òun tó ṣẹ́wọ́. Ó ní atẹ́gùn òkun ń ti òun sẹ́yìn, bí ẹni pé atẹ́gùn náà mọ ọkọ̀ Jámánì yàtọ̀. Ó ní epo Nàìjíríà ni kò bá ọkọ̀ òun lára mu. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sún mọ́ òtítọ́ nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn, ó sọ ọ́, ó sì kọjá lọ.

Kò pẹ́ tí Kẹ́yìndé kò fi lè bá ọkọ̀ kankan díje mọ́, tó fi mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Bí a bá gun afárá, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ ń jáde nídìí rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ a sì máa gbóná débi pé koríko tí a bá páàkì lé á gbẹ. Ọkọ mi pààrọ̀ èyí, ó pààrọ̀ tọ̀hún. Mo ní kó gbé e lọ bá bàbá mẹkáníìkì tó wà ní Agboju, ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lò. Ó ní òun ò lè gbé ọkọ̀ òun fún ẹni tó ń tọ́jú ti ọ̀rẹ́ òun. Mo ní, “Dádì, ṣebí ọkọ̀ kan náà ni?” Ó wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá rẹ̀.

Àárín ìgbà náà ni wọ́n rán an níṣẹ́ lọ sí Kàdúná fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní kí n jẹ́ kí epo kún inú ọkọ̀ kí òun tó dé. Mo bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó bá wa gbé e lọ. Mo ti di àrọ mú bí ìṣe mi nígbà tí nǹkan náà sú mi pátápátá. Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí ẹnu ọkọ̀ yìí? Aṣọ mi ti tán nílẹ̀.” Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó ní irin pẹlẹbẹ kan ló dí ibẹ̀, òun lè yọ ọ́, kí òun sì fẹ ẹnu rẹ̀ díẹ̀. Mo ní kó yọ ọ́. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, irin ilé epo sì wọlé wọ̀ọ̀. Inú mi dùn bí ọmọdé. Mo fi àrọ kọ́ ìṣó nílé ìdáná, mo ní ó dìgbóṣe.

Ọkọ mi dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Ní àárọ̀ Sátidé, ọkọ̀ kọ̀, kò kúrò ní klóòsì. Ó tan án, ó wúkọ́, ó kú. Ó yí i po, ó ṣí ẹnu epo, ó rí ibi tí irin ti ha á.

“Ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀ mi?”

Mo sọ fún un lójú ẹsẹ̀. Mi ò fi nǹkan kan pa mọ́. Mo ní èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é, pé àánú mi ló ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. O mọ ohun tó wí? Ó ní, “Ohun tó kọ́ ọ pé kí o sọ nìyẹn.” Títí di òní yìí, bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn, ara mi a máa gbóná. Kí n tó fi bàtà sẹ́sẹ̀, ó ti dé ẹnu ọ̀nà wọn.

“Ọ̀gbẹ́ni, o ti ba ọkọ̀ mi jẹ́. O dúró títí mi ò fi sí nílé.”

“Èmi?”

“Ìwọ. Ó ń dùn ọ́ pé a jọ ní irú rẹ̀.”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò pariwo. Ó ní, “Ó dáa. Láti òní lọ, mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan rẹ mọ́.” Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ì bá sàn fún mi ká ní ó gbá a mọ́ wa lójú.

Oṣù mẹ́rin ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ méjèèjì dojú kọ ara wọn nínú klóòsì, àwọ̀ ọsàn kan náà, tiwọn ń lọ déédéé, tiwa kì í jí àfi nígbà tó bá wù ú. Ní ọjọ́ kẹta ìjà náà, mo se ẹ̀wà, mo bù ú sínú abọ́ tí a máa ń lò, mo gbé e fún ọmọ mi pé kó gbé e lọ fún Àǹtí òdìkejì ògiri. Abọ́ náà padà dé ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí nílé ìdáná, mo sunkún. Mi ò bá a wí o. Wọ́n ti pe ọkọ rẹ̀ ní onílara lójú gbogbo klóòsì. Kí ló fẹ́ fi sínú abọ́ mi? Láti ìgbà náà, ọmọ mi ń bá mi lọ sí Ìkòyí, ó ń sùn lórí ìdì ìwé ìròyìn nínú yàrá ìkàwé, ó sì ń bi mí lójoojúmọ́ pé kí ni òun fi Àǹtí ṣe.

Ọjọ́ ìsinmi kan, nínú òjò, Kẹ́yìndé tún kú sójú ọ̀nà bí a ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀ lọ wá ẹni tó máa bá wa tì í. Èmi àti ọmọ jókòó sínú ọkọ̀. Nítorí pé ọwọ́ mi dilẹ̀, mo ṣí àpótí kékeré tó wà níwájú mi, mo sì rí ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ náà. Ọ̀rá tí wọ́n fi dì í kò tíì ya. Ọ̀rá náà ṣì lẹ̀ pinpin! Iṣẹ́ ìwé ni mò ń ṣe; bí mo bá rí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí, ọwọ́ mi á máa yún mi. Mo ya ọ̀rá, mo kà á.

Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ní nǹkan kan lábẹ́ tó ń fọ èéfín mọ́ nítorí òfin ilẹ̀ wọn. Wọ́n ní epo tí kò ní òjé nìkan ni kó máa mu, torí òjé á dí nǹkan náà, kò sì ní lè mí. Wọ́n ní ìdí rẹ̀ gan-an nìyí tí àwọn fi ṣe ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, kí irin ilé epo olójèé má baà lè wọ ibẹ̀. Ìwọ rò ó wò. Wọ́n ti kọ́ ilẹ̀kùn fún wa kí a má baà pa á, a lọ ra àrọ. Ní ẹ̀yìn ìwé náà, wọ́n to agbára ọkọ̀ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ti Yúróòpù lágbára dáadáa ju ti Amẹ́ríkà lọ. Orúkọ kan, àwọ̀ kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti dín agbára tiwa kù láti ilé tí wọ́n ti bí i. Mo gbójú sókè, mo sì rí i pé wọ́n tún kọ ọ̀rọ̀ epo yẹn síwájú ẹni tó ń wakọ̀, lábẹ́ aago epo, pẹ̀lú lẹ́tà funfun.

Ọkọ mi wọlé, omi ń jò lára rẹ̀.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?”

“Epo tí kò ní òjé nìkan.”

“Ṣé ẹ ti ń rí i tẹ́lẹ̀?”

“Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i.”

“Kí lẹ wá rò pé ó túmọ̀ sí?”

“Ti Amẹ́ríkà nìyẹn,” ó ní. “Ṣé Amẹ́ríkà la wà?”

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n fẹsẹ̀ rìn lọ sílé nínú òjò. Ọkùnrin tó ní ìwé ẹ̀rí méjì! Mo gbé ìwé náà lé e lẹ́sẹ̀.

Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ bàbá mẹkáníìkì ní Agboju níkẹyìn nìyẹn. Bàbá náà wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi irin kan nǹkan kan kọ́ọ́kọ́ọ́, ó tú u, ó sì fà á jáde: ìkòkò irin pẹlẹbẹ. Ó fọ́ ọ lójú wa. Inú rẹ̀ dà bí afárá oyin, ṣùgbọ́n gbogbo ihò rẹ̀ ló ti dí.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ bi í ni. “Bàbá, ta ló ba ọkọ̀ yìí jẹ́?”

“Kò sẹ́ni tó bà á jẹ́. Epo tí gbogbo wa ń rà náà ni. Àtọjọ́ tí ẹ ti kọ́kọ́ fi àrọ rọ ọ́ ló ti ń kú lọ. Àrọ ló sọ ọ́ di arọ.”

Ọkọ mi tún ohùn ṣe. “Irin tí wọ́n yọ lẹ́nu rẹ̀ ńkọ́?”

“Èwo? Aṣọ́lé lásán nìyẹn,” bàbá náà ní. “Ẹ ti ń gba ojú fèrèsé wọlé kó tó di pé ẹnì kan yọ ilẹ̀kùn.”

Ó fi páìpù kan rọ́pò ohun tó yọ, ó ní kí ọkọ mi tan án. Ọkọ̀ náà bú ramúramù, ó mí bí ẹni tí wọ́n yọ aṣọ kúrò ní imú rẹ̀. Ọkọ mi bi í bóyá ó lè bá ti ọ̀rẹ́ òun dọ́gba báyìí. Mo fi ọwọ́ borí. Bàbá náà ní, “Rárá o. Ìyá kan ló bí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ èyí láti kékeré pé kó má mí sókè.”

Ó yẹ kó jẹ́ pé ibẹ̀ la ti gba ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Rárá. Ọkọ mi ní òun ṣì ń ronú ohun tí òun máa sọ. Mo ní kó sọ pé kó má bínú. Ó ní kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó di méjì. Láàárín ìgbà náà ni a gbọ́ ọ lẹ́nu ará klóòsì, bí ẹni tí kì í ṣe ará ilé, pé ìjọba ti gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí Jọ́ọ̀sì, pé òpin oṣù ni gbogbo wọn ń lọ. Mo bẹ ọkọ mi, mo bínú sí i, mo dákẹ́ fún un. Ó ń ronú síbẹ̀. Ohun tó sọ ẹni tó fẹ́ máa sáré bí ìjì lójú títì di ìgbín lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀, mi ò tíì mọ̀ ọ́n.

Àárọ̀ Sátidé tí lọ́rì wá kó ẹrù wọn, mo ti din àkàrà kí n tó jí i. Mo bù ú sínú abọ́ yẹn, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Mo ní, “Èmi ń lọ kí wọn o.” Ó dìde, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò, ó tẹ̀ lé mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi okùn di bẹ́ẹ̀dì mọ́ ẹ̀yìn lọ́rì. Ó rí wa, ó ń di okùn rẹ̀ lọ. Mo ti ń múra sílẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ fúnra mi, nígbà tí ọkọ mi tẹ̀ba, tí ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n.”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tó ń kí. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ bí kò ṣe lọ́rì.

“Ta lò ń sọ ‘ẹ’ fún?”

“Ẹ̀yin ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun.”

Okùn já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. “Ọ̀gbẹ́ni, dìde jàre,” ó ní. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni.”

“Ó tó bẹ́ẹ̀,” ni ọkọ mi wí, kò sì dìde títí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi fà á sókè. Ìyàwó rẹ̀ ti jáde, ó gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé ọmọ mi mọ́ra, gbogbo wa wá ń sunkún láàárín ẹrù bí àwọn tí orí wọn ò pé. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí lọ́rì fi ṣí. Oṣù mẹ́rin tí à bá fi jókòó pọ̀ ti bá ọkọ̀ lọ, a sì fi wákàtí kan péré dí i. Inú bí mi fún ìyẹn ju gbogbo epo tó ta sí mi láṣọ lọ, inú ṣì ń bí mi.

Abọ́ mi bá wọn lọ sí Jọ́ọ̀sì, torí ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò gbà láti dá a padà fún mi lófìfo. Nígbà tí ẹnì kan ń bọ̀ láti ọ̀hún, ó fi rán an sí mi, ọ̀dùnkún kún un dé ẹnu. Ọkọ mi ta Kẹ́yìndé fún ẹnì kan tó fẹ́ràn àwọ̀ rẹ̀, tí kò sì bi wá ní ìbéèrè mìíràn. Àrọ ṣì wà lórí ìṣó nílé ìdáná mi. Mo fi ń rọ òróró. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ti fẹ̀yìn tì báyìí, wọ́n sì ń jiyàn lórí fóònù lórí ohun gbogbo lábẹ́ ọ̀run. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń gbọ́ ọ láti pálọ̀: “Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n.” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni ìbá ti gbà wá lọ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó sì ti wà lẹ́nu ọkọ mi láti kékeré, bí ìwé yẹn ṣe wà nínú ọkọ̀, tí kò ya ọ̀rá rẹ̀.